Bí Ampilifáyà Ṣe Gbé Gbọ́tèmi Kúrò Lórí Àga

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ka ìtàn yìí, ẹ dìde dúró ná. Ọ̀gá tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wà lórí ìjókòó nígbà tí wọ́n bá ń dárúkọ òun. Ó dáa, ẹ lè jókòó padà. Ẹ̀rù rẹ̀ kò ba ẹnikẹ́ni mọ́.

Nígbà tí ẹ̀rù rẹ̀ ṣì ń bani, òun ni Ọ̀gá Pátápátá ní ilé-iṣẹ́ omi ìlú. Àwọn ni wọ́n ń fa omi láti inú odò, tí wọ́n ń sẹ́ ẹ, tí wọ́n sì ń tì í gba inú páìpù dé ilé oníkálukú. Ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀ ní ìlà méje. Ìlà mẹ́fà àkọ́kọ́, oyè ni. Inú ìlà keje ni orúkọ ti wá ráyè jókòó. Bí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ìbáà ṣe pé bírò rẹ̀ ló ń wá, yóò kọ́kọ́ gbé àgbọ̀n sókè, yóò wú àyà, yóò ní, "Ẹ gbọ́ tèmi." Ìdí nìyẹn tí àwọn òṣìṣẹ́ fi ń pè é ní Gbọ́tèmi lẹ́yìn. Ó fẹ́ kí gbogbo ayé gbọ́ tòun, ṣùgbọ́n ní gbogbo ọdún mẹ́jọ tó lò lórí àga yẹn, kò sẹ́ni tó lè rántí ọjọ́ kan ṣoṣo tó gbọ́ ti ẹlòmíì.

Láràárọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ á tò sí ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn, àwọn ọkùnrin lápá ọ̀tún, àwọn obìnrin lápá òsì, kí wọ́n lè máa kí i bó ṣe ń gòkè. Ẹni tí ẹ̀rín rẹ̀ kò bá mọ́lẹ̀ tó, á gba ìwé "ṣàlàyé ara rẹ" kó tó di ọ̀sán. Olórí àwọn apọ́nnilé ni Igbákejì rẹ̀, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀ nítorí ìforíbalẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí Gbọ́tèmi sín láàárín ìpàdé, Igbákejì pàtẹ́wọ́. Ó ní, "Ẹ wo bí ọ̀gá wa ṣe sín! Àwa yòókù kàn ń fẹ́ atẹ́gùn jáde nímú lásán ni." Ẹ má rò pé mò ń pa irọ́ mọ́ wọn o. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé ọjọ́ náà.

Ohun tó dá wàhálà sílẹ̀ nìyí. Mínísítà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ omi ní gbogbo orílẹ̀-èdè fẹ́ yan ẹnì kan tí yóò jẹ́ olórí fún gbogbo ilé-iṣẹ́ omi pátá. Obìnrin ni Mínísítà yìí, kì í rẹ́rìn-ín ọ̀fẹ́, kò sì fẹ́ràn ariwo. Àmọ́ Gbọ́tèmi gbọ́ níbì kan pé bí obìnrin náà bá ti ibi iṣẹ́ dé, ńṣe ló máa ń bọ́ bàtà, táá jókòó síwájú ẹ̀rọ orin rẹ̀, táá dijú.

Gbọ́tèmi ní, "Ó ti bọ́ sí i. Orin ni n ó fi gba ipò yẹn lọ́wọ́ rẹ̀."

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tó fi wá sípíkà méjì rà lọ́wọ́ bàbá olùkọ́ orin kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń kó lọ bá ọmọ rẹ̀. Sípíkà tó ga dé àyà èèyàn ni, tí wọ́n fi pákó tó ń dán ṣe. Bàbá náà fi ampilifáyà kékeré tó fi ń lò wọ́n tọrẹ. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ bíi tèmi: ampilifáyà ni ẹ̀rọ tó ń gba ohùn orin nígbà tí kò tíì lágbára, tó ń fún un lókun kí sípíkà tó lè sọ ọ́ síta. Bí kò bá sí i, kọ́bọ́ọ̀dù lásán ni sípíkà. Ti bàbá olùkọ́ yìí kò ju àpótí bàtà lọ. Wọ́n so ó mọ́ wọn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìyàwó Gbọ́tèmi tó ń rán bọ́tìnnì mọ́ ẹ̀wù sì dá abẹ́rẹ́ dúró.

Ó ní, "Bàbá àwọn ọmọ, eléyìí mà dùn o. Àfi bí ẹni pé obìnrin tó ń kọrin yẹn jókòó sórí àga wa."

Gbọ́tèmi wo àpótí kékeré náà bí ẹni rí aáyán lórí aṣọ funfun. Ó ní, "Ẹ gbọ́ tèmi. Èèyàn ńlá, nǹkan kékeré: wọn kì í gbé inú ilé kan náà." Ọjọ́ kejì ló ní kí wọ́n gbé e dà nù.

* * *

Ó wá pe ìpàdé pàjáwìrì. Gbogbo olórí ẹ̀ka ló rò pé ọ̀rọ̀ páìpù ńlá tó bẹ́ lójú ọ̀nà ilé búrẹ́dì ni, èyí tó ti ń da omi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n kó àwòrán páìpù lọ́wọ́ wá. Gbọ́tèmi ní kí wọ́n ká wọn.

"Ẹ gbọ́ tèmi. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí, ọjọ́ ọ̀la omi ló dá lé. Irú ampilifáyà wo ló yẹ sípíkà mi?"

Wọ́n ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Níbi tí mò ń wí yìí, wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì yan ìgbìmọ̀ fún làpálàpá.

Igbákejì ló kọ́kọ́ dìde. "Ọ̀gá wa àtàtà, èyí tó bá lágbára jù ni. Kò gbọdọ̀ dín ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta wáàtì."

Olórí ẹ̀ka páìpù fò sókè. "Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta? Ṣé ọ̀gá wa lẹ ń fi wé aládùúgbò yín? Ẹgbẹ̀rún kan!"

"Ta ló ń sọ̀rọ̀ ẹgbẹ̀rún kan níbí?" Igbákejì ti ń làágùn. "Ẹgbẹ̀rún méjì!"

Bí kì í bá ṣe pé ẹnì kan húkọ́ lẹ́yìn, ibi tí wọn ìbá gbé wáàtì dé, Ọlọ́run nìkan ló mọ̀. Ẹni tó húkọ́ ni obìnrin tí wọ́n ń pè ní Ìyá Wáyà. Ọdún méjìlélógún ló ti fi ń tún iná àwọn pọ́ǹpù ṣe nílé-iṣẹ́ yìí. Bó bá délé, òun náà ló ń tún rédíò gbogbo àdúgbò ṣe. Gbọ́tèmi ní kó sọ̀rọ̀, torí ó dá a lójú pé òun náà fẹ́ fi kún wáàtì ni.

"Ẹ ṣeun, Ọ̀gá. Mo wo ẹ̀yìn sípíkà yẹn lọ́jọ́ tí mo wá tún iná pálọ̀ yín ṣe. Irú tó ń tètè gbọ́ràn ni. Tí ẹ bá fún un ní iná díẹ̀ báyìí, á ti kún gbogbo ilé. Nínú yàrá bíi tiyín, kò nílò ju wáàtì ogún sí ọgbọ̀n lọ. Èyí tí ohùn rẹ̀ mọ́ lẹ máa wá, kì í ṣe èyí tó lágbára jù. Èyí tó lágbára jù, gbogbo ìdọ̀tí tó wà nínú iná ló máa gbé jáde pẹ̀lú orin."

"Ogún?" Bí Gbọ́tèmi ṣe sọ ọ́, ẹ ó rò pé wọ́n bú baba rẹ̀ ni.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹ wò ó báyìí: pọ́ǹpù tó ń fún odindi àdúgbò lómi, tí ẹ bá lọ gbé e sẹ́nu ife kan, ṣé ife yẹn á kún ni, àbí á fọ́?"

Gbọ́tèmi gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀díẹ̀.

"Ta ni ife?"

"Sà?"

"Mo ní ta ni ife? Èmi ni ife?"

Igbákejì di orí mú. "Ó pe ọ̀gá ní ife! Nínú ilé yìí! Lójú wa!"

"Háà!" ni gbogbo wọn wí lẹ́ẹ̀kan náà, àfi olórí ẹ̀ka kan tó ń sùn. Òun náà gba ìwé "ṣàlàyé ara rẹ".

* * *

Síbẹ̀, wọ́n mú Ìyá Wáyà dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù, torí nínú gbogbo wọn, òun nìkan ló mọ ibi tí wáyà ń gbà wọlé. Ọkọ̀ mẹ́ta ni wọ́n gbé lọ ra ẹ̀rọ kan. Oníṣọ́ọ̀bù náà, ọkùnrin tó ti pẹ́ nínú òwò, wo bí wọ́n ṣe ń ṣílẹ̀kùn fún Gbọ́tèmi, ó sì ti mọ irú oníbàárà tí Ọlọ́run rán sí òun.

Ó kọ́kọ́ gbé méjì tó mọ níwọ̀n síta. "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n so wọ́n mọ́ sípíkà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi etí yín gbọ́ ọ. Bí wọ́n ṣe ń yàn án nìyẹn."

"Ẹ gbọ́ tèmi," ni Gbọ́tèmi wí. "Etí kọ́ ni wọ́n fi ń yan ampilifáyà. Ojú ni. Èwo ló wúwo jù níbí?"

Oníṣọ́ọ̀bù wo Ìyá Wáyà. Ìyá Wáyà wo òkè àjà. Ni ọkùnrin náà bá wọ ẹ̀yìn lọ, ó pe àwọn mẹ́rin mọ́ra, wọ́n gbé nǹkan kan jáde bí ẹni gbé òkú màlúù. Dúdú ni, ó ní irin ìdìmú méjì níwájú, iná pupa àti iná àwọ̀ ewé ń sáré lé ara wọn lójú rẹ̀, fáànù méjì sì wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń fẹ́ ooru jáde.

Oníṣọ́ọ̀bù ní, "Mi ò ní purọ́ fún yín o, Ọ̀gá. Ti pápá ìṣeré nìyí. Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá èèyàn ni wọ́n fi ń bá sọ̀rọ̀."

"Èmi nìkan tó ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá èèyàn."

"Ẹ ju bẹ́ẹ̀ lọ!" Igbákejì ń nu ojú.

Ìyá Wáyà sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí ọmọlúàbí. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́. Fáànù yẹn nìkan á bo orin mọ́lẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì ṣèèṣì yí i sókè, á jó sípíkà yín."

Gbọ́tèmi kò tilẹ̀ yíjú. Ó ń wo iná tó ń sáré. Ó rí ara rẹ̀ nínú dígí iwájú ẹ̀rọ náà, ó sì wù ú.

* * *

Nílé, wọ́n so gbogbo rẹ̀ pọ̀, wọ́n tan iná. Kí orin tó bẹ̀rẹ̀ rárá, sípíkà méjèèjì ti ń kùn: *hùùùùù*. Ó dà bí ìgbà tí nǹkan bá ń dun èèyàn méjì lọ́kàn tí wọn ò fẹ́ sọ̀rọ̀. Fáànù ẹ̀yìn ń fẹ́ tirẹ̀ lọ.

Ìyàwó rẹ̀ yọjú láti ilé ìdáná. "Kí ló ń kùn?"

"Kò sóhun tó ń kùn."

"Ó ń kùn, Bàbá àwọn ọmọ."

"Ìmísí orin lò ń gbọ́ yẹn."

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi jókòó síwájú ìmísí yìí, tó ń mi orí, tó ń tan ara rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, ó ṣí fèrèsé. Ẹ rántí pé ilé ìjọba ló ń gbé, ògiri kan ṣoṣo ló sì wà láàárín ọgbà rẹ̀ àti ibi tí àwọn pọ́ǹpù ńlá ti ń ti omi lọ sí ìlú. Àwọn pọ́ǹpù náà ń kùn bí wọ́n ṣe ń kùn láti ọdún tí wọ́n ti gbé wọn síbẹ̀. Gbọ́tèmi lu orí ara rẹ̀. Pọ́ǹpù ni! Pọ́ǹpù ló ń jowú òun!

Ó ránṣẹ́ pe Ìyá Wáyà kó wá jẹ́rìí. Ìyá Wáyà wọlé, ó kúnlẹ̀ kí ìyàwó ilé, ó tẹ́tí sí sípíkà. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́, ó pa ampilifáyà. Pálọ̀ dákẹ́ jẹ́ẹ́.

"Ọ̀gá, pọ́ǹpù ṣì ń ṣiṣẹ́ níta. Ṣé ẹ ń gbọ́ kíkùn kankan nínú pálọ̀ báyìí? Ẹ̀rọ yìí ló ń kùn. Agbára rẹ̀ ti pọ̀ ju ohun tí sípíkà yìí fẹ́ lọ."

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ̀rí ò ju báyìí lọ. Ọmọ ọdún mẹ́fà á ti gbà. Àmọ́ Gbọ́tèmi rẹ́rìn-ín ẹni tó ti gba òye lókè.

"Ó dákẹ́ nítorí pé mo ti mọ àṣírí rẹ̀. Pọ́ǹpù náà ń bẹ̀rù mi."

Ìyàwó rẹ̀ padà sí ilé ìdáná kí ẹnikẹ́ni má bàa rí ojú rẹ̀. Ní ti Ìyá Wáyà, kí ọjọ́ yẹn tó parí, wọ́n ti gbé e kúrò nídìí iná, wọ́n ní kó máa lọ ka mítà omi láti ojúlé dé ojúlé ní ìpẹ̀kun ìlú, níbi tí ajá pọ̀ sí ju èèyàn lọ.

Gbọ́tèmi wá ránṣẹ́ pe ọkùnrin tó ń tọ́jú àwọn pọ́ǹpù, àgbàlagbà tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bàbá Pọ́ǹpù.

"Láti òní lọ, o ó máa pa gbogbo wọn láago mẹ́rin, o ó sì tàn wọ́n padà láago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́."

Bàbá Pọ́ǹpù ṣí fìlà. "Ọ̀gá, àsìkò yẹn gan-an ni ìlú máa ń pọn omi jù. Tí mo bá pa á, kò ní sí ẹ̀kán kan nínú ẹ̀rọ ẹnikẹ́ni o."

"Ṣé omi lọ̀gá rẹ, àbí èmi?"

"Ẹ̀yin ni, sà." Bàbá náà ronú díẹ̀. "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi kọ ọ́ sílẹ̀. Àgbà ti dé sí mi, mo máa ń gbàgbé."

Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló wà. Kò sóhun tí Gbọ́tèmi fẹ́ràn tó kó fọwọ́ sí ìwé. Ó kọ ọ́ gàdàgbà pé kí gbogbo pọ́ǹpù dákẹ́ láago mẹ́rin sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ lójoojúmọ́ *kí Ọ̀gá Pátápátá lè gbọ́ orin ní mímọ́ tónítóní*, ó to oyè mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sí abẹ́ rẹ̀, ó sì tẹ òǹtẹ̀ lù ú lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá Pọ́ǹpù fi ọ̀rá wé e, ó tì í bọ àpò àyà.

Ní ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́, gbogbo olórí ẹ̀ka jókòó sí pálọ̀ ọ̀gá. Pọ́ǹpù ti dákẹ́. Sípíkà ń kùn.

"Ṣé ẹ ṣì ń gbọ́ ọ?" ni Gbọ́tèmi bi wọ́n.

"Rárá o!" ni wọ́n dáhùn, ọ̀fun wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ya, torí wọ́n ní láti pariwo kí ohùn wọn tó bo kíkùn náà mọ́lẹ̀.

Ìlú wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ ní wákàtí méjì méjì. Alábúrẹ́dì po ìyẹ̀fun dé ìdajì, ó ń wo ẹ̀rọ. Ẹni tó ń wẹ̀ lọ́wọ́ jáde pẹ̀lú ọṣẹ lójú, ó ń táràkà kiri. Àwọn oníròyìn dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì, Gbọ́tèmi sì jáde sí wọn.

"Ẹ gbọ́ tèmi. Ẹ̀yin ń sinmi. Ìyàwó yín ń sinmi. Ewúrẹ́ ń sinmi. Ṣé omi nìkan ni kò gbọdọ̀ sinmi? Ilé-iṣẹ́ yìí ni àkọ́kọ́ láyé tó máa fún omi ní ìsinmi ojoojúmọ́!"

Igbákejì sunkún nítorí ọgbọ́n inú ọ̀rọ̀ yìí. Omijé ojú rẹ̀ nìkan ló ṣàn ní ìlú lásìkò náà.

* * *

Mínísítà, tí Gbọ́tèmi ti pè wá sílé rẹ̀, dé lọ́jọ́bọ̀, láago mẹ́rin ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́. Aṣọ funfun ló wọ̀. Gbogbo wọn ti tò láti géètì dé pálọ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí eyín ń ro. Gbọ́tèmi sọ̀rọ̀ ìkíni fún ogójì ìṣẹ́jú. Ó fi Mínísítà wé oòrùn, ó fi ara rẹ̀ wé oṣù, ó fi omi wé orin, ó fi orin wé ìjọba. Nígbà tó kù díẹ̀ kó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí oòrùn, Mínísítà ní, "Ọ̀gá, wọ́n ní ẹ ní ẹ̀rọ orin kan."

Wọ́n fi í jókòó sórí àga tó dára jù, tábìlì kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí wọ́n gbé ife ọtí èso àjàrà dúdú lé. Gbọ́tèmi tan ẹ̀rọ. Iná pupa sáré, iná àwọ̀ ewé lé e. *Hùùùùù.*

Mínísítà dijú, bó ṣe máa ń ṣe nílé. Ó tún la ojú kan. "Kí ló ń kùn?"

Gbọ́tèmi wo ojú Mínísítà, ó rí i pé ojú náà kò jọ ti ẹni tó ń gbádùn. Ó wo ojú Igbákejì, Igbákejì ń wo bàtà ara rẹ̀. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló rí. Ó nawọ́, ó yí ampilifáyà sókè, kí orin lè bo kíkùn.

Orin kò dún. Ó bú. Àwo inú kọ́bọ́ọ̀dù ń gbọ̀n, fèrèsé ń gbọ̀n, ẹ̀rẹ̀kẹ́ Igbákejì ń gbọ̀n. Tábìlì kékeré náà bẹ̀rẹ̀ sí í jó, ife orí rẹ̀ ń rìn díẹ̀díẹ̀ lọ sí etí tábìlì, gbogbo wọn ń wò ó, kò sì sẹ́ni tó lè gbé e torí ọ̀gá kò tíì ní kí wọ́n gbé e. Ife dé etí tábìlì, ó ṣubú sórí aṣọ funfun Mínísítà. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ náà ni sípíkà apá òsì dún *táà*, èéfín tín-ín-rín jáde lójú rẹ̀, ó sì kú. Ti apá ọ̀tún ń kùn nìṣó.

"Ẹ má bínú, Màmá! Ẹ má bínú!" Wọ́n mú Mínísítà lọ sí yàrá ìwẹ̀. Wọ́n gbọ́ tó ti ilẹ̀kùn. Wọ́n gbọ́ tó ń fi ọṣẹ ra aṣọ. Wọ́n wá gbọ́ ohùn ẹ̀rọ omi: *fùùù... kọ́kọ́kọ́... fùù*. Lẹ́yìn náà, kò sóhun kan mọ́.

Ilẹ̀kùn ṣí. Mínísítà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ọṣẹ bò ó dé ìgúnpá, àwọ̀ àjàrà sì ti ràn dé orókùn aṣọ rẹ̀.

"Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ omi," ni ó wí, kò gbé ohùn sókè rárá, "níbo ni omi wà?"

Ẹ̀yin ará, bí ó bá ṣe pé ó sọ òótọ́ níbí, bóyá ìyà ìbá fò ó. Àmọ́ òótọ́ kò sí lára ohun tó mọ̀ ọ́n sọ. Ó ní, "Màmá, àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀lẹ ni. Ẹni tó ń tọ́jú pọ́ǹpù ti sùn lọ. Òní ni màá lé e!"

Wọ́n sáré lọ pe Bàbá Pọ́ǹpù láti ẹ̀yìn ògiri. Ó wọlé, ó ṣí fìlà, ó rí Mínísítà pẹ̀lú ọṣẹ, ó sì mọ̀ pé ọjọ́ pé.

"Bàbá, ẹ sùn ni?" ni Mínísítà bi í.

"N ò sùn, Màmá. Àṣẹ ni mò ń tẹ̀ lé." Ó yọ ìwé náà láti àpò àyà, ó tú ọ̀rá rẹ̀. Ọwọ́ Mínísítà kò ṣe é fi gba ìwé, ó ní kí bàbá kà á. Bàbá Pọ́ǹpù kà á látòkè délẹ̀, ó ka oyè mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kò fo ẹyọ kan. Ó tilẹ̀ ka òǹtẹ̀.

Nígbà tó parí, sípíkà apá ọ̀tún ṣì ń kùn.

Mínísítà tẹ́tí. "Ẹ ní kí wọ́n pa pọ́ǹpù torí ó ń kùn. Wọ́n sì ti pa á."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá," ni Gbọ́tèmi wí, ó rò pé ọ̀rọ̀ ti ń dára.

"Kí ló wá ń kùn yìí?"

Gbọ́tèmi gbé àgbọ̀n sókè. Ó la ẹnu. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́jọ, gbogbo èèyàn ń fẹ́ gbọ́ tirẹ̀ lóòótọ́. Kò rí nǹkan kan sọ.

Igbákejì ló ṣáájú. Ẹ̀yìn rẹ̀ tó ti tẹ̀ láti ọjọ́ yìí ṣàdédé nà gbọnrangandan. "Màmá, láti ìbẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń kìlọ̀ fún un. Mo ní ogún wáàtì ti tó."

Mínísítà lọ sí ojú fèrèsé. Níwájú géètì, àwọn èèyàn ti tò pẹ̀lú garawa, wọ́n ń dúró de aago mẹ́fà. Nọ́ọ̀sì àgbà kan láti ilé ìgbẹ̀bí wà níwájú pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì méjì. Mínísítà bi í láti ojú fèrèsé pé kí ni wọ́n ń ṣe nílé ìgbẹ̀bí láàárín aago mẹ́rin sí mẹ́fà.

Nọ́ọ̀sì náà kò mọ ẹni tó ń bá òun sọ̀rọ̀, ó sì ti rẹ̀ ẹ́. Ó ní, "À ń bẹ àwọn aboyún ni, ìyá. À ń sọ fún wọn pé kí wọ́n bá wa mú un mọ́ra, kí ọmọ má tíì wá. Méjì ò gbọ́ lánàá. Agbára káká la fi rí omi tí a fi nù wọ́n."

Mínísítà nu ọṣẹ ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ tó ti bàjẹ́ náà. "Bàbá, ẹ lọ tan pọ́ǹpù yín." Ó bá wọ ọkọ̀ rẹ̀, kò kí ẹnikẹ́ni.

* * *

Ọjọ́ kẹta ni lẹ́tà dé. Ìlà méjì péré ló ní, kò sí oyè kankan nínú rẹ̀. Wọ́n yọ ọ́ níṣẹ́. Kó sì kúrò nínú ilé ìjọba láàárín ọjọ́ méje. Ìyá Wáyà padà sídìí iná rẹ̀, wọ́n sì fi í ṣe olórí níbẹ̀. Ó ní òun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tò sí àtẹ̀gùn, kí wọ́n bá òun wá síkúrú díráífà tó sọnù. Igbákejì jókòó sórí àga ọ̀gá kí àga náà tó tutù. Ìwé tó lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn ní ìlà mẹ́jọ.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń kó ẹrù, Gbọ́tèmi fóònù Igbákejì pé kó rán àwọn ọmọ iṣẹ́ wá. Igbákejì kò gbé e. Ó fóònù olórí ẹ̀ka páìpù. Ìyẹn gbé e, ó ní "Ta nìyí?", ó gbọ́ orúkọ, iná fóònù rẹ̀ sì kú lójijì. Ni òun àti ìyàwó rẹ̀ bá dì mọ́ àwọn ẹrù fúnra wọn. Ó ní àfi kí wọ́n kó sípíkà náà dání, títí kan èyí tó ti jó. Ìyàwó rẹ̀ kò bá a jiyàn. Obìnrin náà di apá ìsàlẹ̀ mú, Gbọ́tèmi di apá òkè mú, ó ń fẹ̀yìn rìn jáde sójú títì, òógùn ń ro lójú rẹ̀ lọ sínú ọrùn ẹ̀wù.

Obìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé òdìkejì títì dúró wò wọ́n. Inú rẹ̀ dùn bí ẹni rí ohun tó ń wá.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o! Ẹ mọ ẹrù ú gbé gan-an ni. Tí ẹ bá ti parí tibí yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá wa gbé kọ́bọ́ọ̀dù kan gòkè."

Gbọ́tèmi dúró. Ó gbé àgbọ̀n sókè lórí sípíkà náà. Ó wú àyà. Ó ní, "Ẹ gbọ́ t—"

"Ẹ dá a lóhùn kíá, Bàbá àwọn ọmọ," ni ìyàwó rẹ̀ wí láti ìsàlẹ̀, "apá ń ro mí."

Ó wo obìnrin òdìkejì títì. Obìnrin náà ń dúró, ó ń rẹ́rìn-ín, kò mọ̀ ọ́n rárá.

"Àjà kelòó ni?" ni ó béèrè.